Bí Ìjàǹbá Ọkọ̀ Ti Ń Ṣe Olúkúlùkù Léṣe

Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ojú títì tí ó ti Ìyánà-Ìpájà gba Ìpájà kọjá lọ sí Àyọ̀bọ́, kì í pẹ́ tí ìròyìn rẹ̀ fi ń dé Bárúwà. Ìbéèrè kìíní tí àwọn ará àdúgbò máa ń bèèrè ni pé, "Ènìyàn mélòó ni ó kú?" Èkejì ni pé, "Ta ni ó jẹ̀bi?" Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ ẹni tí yóò bèèrè ibi tí ẹni tí ó farapa jókòó sí, tàbí apá ibi tí ọkọ̀ ti kọ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kẹta yìí ni ó wúlò fún oníṣègùn jù, òun náà sì ni ó lè gba ẹ̀mí ẹni tí kò ì tí ì kú là.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí ó bá wu ìjàǹbá ni ó máa ń ṣe: pé ó lè ṣẹ́ apá ẹnì kan, kí ó fọ́ orí ẹlòmíràn, kí ó sì fi ẹnì kẹta sílẹ̀ láìfi ara pa, gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́dàá olúkúlùkù bá ti gbà fún un. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn tí wọ́n ti ń tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ní Ìgbóbì, ní Ìkẹjà, ní Ìbàdàn àti ní Ìlọrin, ti rí i dájú pé ọgbẹ́ ìjàǹbá ní ìlànà. Awakọ̀ ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Èrò ẹ̀yìn ọkọ̀ ní tirẹ̀. Ọlọ́kadà, ẹlẹ́sẹ̀ àti ọmọdé, kálukú ni ó ní èyí tí ó máa ń gbà jù. Ẹni tí ó bá mọ ìlànà yìí lè wo ọgbẹ́ tí ó hàn, kí ó sì mọ ibi tí yóò ti wá èyí tí kò hàn.

Kò sí irú ọkọ̀ tí à ń wí yìí tí ará Bárúwà kì í rí lójoojúmọ́. Ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni púpọ̀ nínú Alímọ̀ṣọ́ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ tó báyìí, tí ọ̀nà kò sì pọ̀ ní ìwọ̀n wọn, dáńfó, kẹ̀kẹ́ Marwa, ọ̀kadà, tírélà àti ọkọ̀ agbépo ni yóò máa du ojú ọ̀nà kan náà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́jà lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ọ̀kadà kì í ṣe ìtàn àtijọ́ fún àwọn ará ibẹ̀.

Kí a tó máa wo ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀. Bí ọmọbìnrin tí ó ru garawa omi bá ṣàdédé dúró nítorí pé ewúrẹ́ sáré kọjá níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n omi inú garawa kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dúró. Ìrìn tí ó ń rìn bọ̀ ni yóò máa rìn lọ, yóò sì dà sí i lójú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ èrò inú ọkọ̀ rí. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ lu igi tí ó sì dúró, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ṣì ń lọ pẹ̀lú eré tí ọkọ̀ náà ń sá bọ̀, títí di ìgbà tí nǹkan yóò fi dá a dúró: ìbáà ṣe sítíárì, ìbáà ṣe gíláàsì, ìbáà sì ṣe ẹ̀yìn ìjókòó tí ó wà níwájú rẹ̀. Kò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí àyà rẹ̀ bá ti dúró lára sítíárì, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà nínú àyà náà ṣì ń lọ síwájú. Nígbà tí agbárí bá dúró, ọpọlọ inú rẹ̀ yóò lọ sọ ara mọ́ eegun. Ìkọlù mẹ́ta ni ó wà nínú ìjàǹbá kan ṣoṣo: ti ọkọ̀ pẹ̀lú ohun tí ó kọ lù, ti ara ènìyàn pẹ̀lú ọkọ̀, àti ti ẹ̀yà inú pẹ̀lú ara fúnra rẹ̀. Èkíní ni gbogbo ayé máa ń dúró wò tí wọ́n ń káwọ́ lérí. Ẹ̀kẹta ni ó máa ń pa ènìyàn láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

Ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni ó tọ́ kí a fi ṣáájú, nítorí pé òun ni kò ní irin kankan tí ó bo ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá kọ lu àgbàlagbà tí ó wà lórí ìdúró, bọ́ńpà ni ó máa ń kọ́kọ́ bá a, ibi tí bọ́ńpà sì ga dé lára rẹ̀ ni ojúgun tàbí orúnkún. Ìdí nìyí tí ojúgun fi máa ń ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ara rẹ̀ yóò dà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ìbàdí rẹ̀ yóò gbá etí irin náà, tí orí rẹ̀ yóò sì lọ bá gíláàsì iwájú ọkọ̀. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹni náà yóò já bọ́ sórí títì, yóò sì tún fi ara pa lọ́tun. Ẹsẹ̀, ìbàdí, orí: ọ̀nà tí ọgbẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ máa ń gbà nìyẹn, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ó bá jẹ́ dáńfó tàbí tírélà tí iwájú rẹ̀ tẹ́ bí ògiri ni, kò ní sí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé e. Irin náà yóò gbá àyà àti ìbàdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tì í ṣubú síwájú, táyà sì lè gun orí rẹ̀ kọjá. Eegun ìbàdí máa ń fọ́ nínú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀, àpò ìtọ̀ a sì máa ya.

Ọmọdé kò ga tó àgbàlagbà, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì lè rí bákan náà. Bọ́ńpà tí ó bá àgbà ní ojúgun yóò bá ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní itan. Etí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò bá a ní àyà àti ikùn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yóò sọ ọ́ nù, orí rẹ̀ ni yóò sì fi balẹ̀, nítorí pé orí ọmọdé wúwo ju ti àgbà lọ ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbé ọmọ tí itan rẹ̀ ṣẹ́ dé ilé ìwòsàn, oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tẹjú mọ́ itan nìkan. Yóò fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò, yóò sì yẹ orí rẹ̀ wò. Ohun mìíràn tún wà tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ lára ọmọdé: eegun ìhà rẹ̀ rọ̀, ó lè tẹ̀ kí ó sì padà sí ipò rẹ̀ láìṣẹ́, nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fi ara gbọgbẹ́.

Apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Apá òsì ni a ń tọ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti etí títì láti kọjá sí òdìkejì, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò ti wá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni ó sì wà nínú ewu jù. Bí gbogbo ọlọ́kọ̀ bá pa òfin mọ́ ni èyí. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sáré lòdì sí ojú ọ̀nà wọn, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní wanwé, a máa ti ọ̀tún yọ sí ẹni tí ó ti wo òsì tí kò sì rí nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, nítorí náà kì í ráyè fọwọ́ gbà á tàbí kí ó yẹ̀ fún un.

Eré ọkọ̀ ni ó máa ń pààlà láàárín ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ dídá lọ sílé àti ẹni tí a ó gbé òkú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí eré ọkọ̀ tí ó fi iwájú gbá ẹlẹ́sẹ̀ bá ti kúrò ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan tí ó di 65, ewu ikú yóò di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀. Kìlómítà 15 yìí kò jọ nǹkan lójú awakọ̀. Ó lè má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti fi kún eré. Àjọ kan náà ni ó ṣírò pé ènìyàn bí 1,190,000 ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà pa ní gbogbo ayé ní ọdún 2021, àti pé òun ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọkọ̀ wàyí. Awakọ̀ tí kò de bẹ́líìtì mọ́ra yóò fi àyà sọ sítíárì. Eegun àyà àti eegun ìhà ni yóò kọ́kọ́ dá, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró sì lè fara gbá a. Ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀ kò ní sítíárì níwájú, nítorí náà ojú àti iwájú orí rẹ̀ ni yóò lọ bá gíláàsì. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni ó ní orúnkún, orúnkún yìí sì ni ó ń fa ọgbẹ́ kan tí ó ṣe é gbàgbé jù lọ. Nígbà tí orúnkún tí a ká bá gbá pátákó iwájú ọkọ̀, agbára ìgbáni náà kì í dúró ní orúnkún. Yóò gba inú eegun itan kọjá bí ẹni fi òpó ti ilẹ̀kùn, yóò sì ti orí eegun náà jáde kúrò nínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí, sí ẹ̀yìn. Aláìsàn yóò ní egbò kékeré lórí orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kúrú, yóò sì yí sínú. Bí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ bá di egbò orúnkún tí ó sì ní kí ó máa sinmi, ìpalára ńlá ni ó ṣe é. Nítorí pé bí a kò bá tètè dá eegun náà padà sí ihò rẹ̀, tí ó sì ju nǹkan bí wákàtí mẹ́fà lọ, ewu ń pọ̀ sí i pé ẹ̀jẹ̀ kò ní dé orí eegun náà mọ́, tí yóò sì kú sínú ara.

Nínú dáńfó Volkswagen tí àwọn ará Èkó mọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì wà ní ẹ̀yìn. Kò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú tí yóò kọ́kọ́ rún kí ó tó kan ènìyàn. Páànù tín-ínrín ni ó wà láàárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ohun tí ó bá kọ lù. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá forí sọ tírélà, ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ti àwọn tí ó jókòó tì í ni irin yóò kọ́kọ́ rún. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kì í sábà ní bẹ́líìtì rárá. Ẹnu, eyín, àgbọ̀n àti imú wọn ni wọ́n fi ń gbá irin ìjókòó tí ó wà níwájú wọn, ẹni tí ó sì jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá lè fò wá bá àwọn ti iwájú. Ẹni tí ó bá gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé nítorí ooru, bí ọkọ̀ mìíràn bá rá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbọ̀nwọ́ náà ni yóò lọ sí i. Ní ti kọńdọ́kítọ̀ tí ó so mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ìpàkọ́ ni ó máa ń fi ṣubú. Ó yani lẹ́nu pé ó ti pé ọdún púpọ̀ tí oògùn púpọ̀ nínú ọgbẹ́ wọ̀nyí ti wà: ní ọdún 1959 ni Nils Bohlin, onímọ̀-ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Volvo ní orílẹ̀-èdè Sweden, ṣe bẹ́líìtì tí ó gba èjìká àti ìbàdí kọjá, tí ó ń dín ewu ikú àwọn tí ó wà níwájú ọkọ̀ kù tó nǹkan bí ìdajì. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń fà á kọjá àyà nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, wọn a sì tú u sílẹ̀ bí wọ́n bá ti kọjá rẹ̀ tán.

Ti ọ̀kadà ni ó burú jù. Ojúgun ẹni tí ó gun ọ̀kadà ni ó yọ síta jù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì sí ẹran púpọ̀ lórí ojúgun. Awọ ni ó bo eegun. Bí ó bá ṣẹ́, eegun náà a máa ya awọ yọ síta, iyẹ̀pẹ̀ àti epo ojú títì a sì wọ inú rẹ̀. Èyí kì í ṣe eegun ṣíṣẹ́ lásán mọ́. Ọ̀nà ti ṣí fún àrùn, ìwòsàn rẹ̀ sì lè gba oṣù púpọ̀ ju èyí tí awọ rẹ̀ kò ya lọ. Ẹni tí a gbé sẹ́yìn kò rí ohun tí ń bọ̀, kò sì ní nǹkan dì mú, ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń ṣubú sí. Ìró tàbí ìborùn tí ó bá gùn jù lè lọ́ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ọmọdé tí a gbé sáàárín a máa bọ́ sínú sípóòkì, tí yóò ya awọ gìgísẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni sàlẹ́ńsà gbígbóná sì ti fi àpá sí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọwọ́ ọ̀tún láìsí ìjàǹbá kankan.

Orí ni ó ń pa ọlọ́kadà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀. Kò dé akoto, ọjọ́ mẹ́fà ni ó sì fi wà láìmọ ohun tí ń lọ kí ó tó kú. Hugh Cairns, oníṣègùn ọpọlọ, wà nínú àwọn tí a pè sí i. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, ó ka àwọn tí alùpùpù pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ènìyàn 2,279 láàárín oṣù 21 àkọ́kọ́ ogun náà. Àwọn tí ó dé akoto tí ó sì rí tọ́jú kò ju méje lọ nígbà náà, kò sì sí èyí tí ó kú nínú wọn. Ó kọ èyí jáde ní ọdún 1941, kí ọdún náà sì tó parí ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti fi dandan lé akoto fún àwọn tí ń gun alùpùpù jíṣẹ́. Àwọn olùwádìí tí wọ́n kó ìwádìí púpọ̀ jọ lẹ́yìn wọn rí i pé akoto ń dín ewu ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69 nínú 100, ó sì ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 2009 tí àjọ FRSC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ akoto, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé agolo ọ̀dà, láti fi tan ẹ̀ṣọ́ jẹ. Èrò náà ní àwíjàre tiwọn: wọ́n ní àwọn kò mọ ohun tí ọlọ́kadà fi sínú akoto rẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Yorùbá ni à ń pe orí ní àpésìn. Orí inú ni a ń bẹ̀ ní òwúrọ̀ tí a sì ń gbé ti òde lọ sójú títì ní ìhòòhò.

Kẹ̀kẹ́ Marwa, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Buba Marwa tí ó ṣe olórí ìjọba ológun ní ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1996 sí 1999, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Bí ó bá fi eré yípo, a máa dojú dé. Èrò tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ a sì na ọwọ́ láti gbá ilẹ̀ mú, ọwọ́ yẹn gan-an ni irin yóò sì tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọgbẹ́ kan wà tí kò yan ọkọ̀ kan láàyò, tí ó sì ti tan ọ̀pọ̀ ìdílé jẹ. Ẹnì kan fi orí gbálẹ̀. Ó dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó sì jí. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó ní kò sí ohun tí ó ṣe òun. Àwọn ènìyàn dúpẹ́, wọ́n mú un lọ sílé, wọ́n ní kí ó sùn. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ó ń bì, oorun tí ó ń kùn ún kò ṣe é jí mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan já láàárín agbárí àti awọ tí ó bo ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ sì ń kó jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ti ọpọlọ. Bí a bá tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè lu agbárí rẹ̀ kí ó sì fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó lè padà sípò. Bí a bá jẹ́ kí ó sùn di òwúrọ̀, ó lè má jí. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi ń wo ẹyinjú bóyá ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ, tí wọ́n sì ń fi òǹkà díwọ̀n bí aláìsàn ti ń lajú, bí ó ti ń sọ̀rọ̀ àti bí ó ti ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Graham Teasdale àti Bryan Jennett ni ó gbé ìlànà òǹkà yìí jáde ní Glasgow ní ọdún 1974. Láti 3 dé 15 ni ó lọ nísinsìnyí, ẹni tí kò bá sì gbà ju 8 lọ wà nínú ewu ńlá. Ní ilẹ̀ wa, Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ni ó kọ́kọ́ ṣe oníṣègùn ọpọlọ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1962 ni ó ti Amẹ́ríkà padà dé sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ó sì dá ẹ̀ka iṣẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Akéwì ni pẹ̀lú.

Bí orí ṣe ń fi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ ni itan àti ìbàdí ń ṣe. Eegun itan tí ó ṣẹ́ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ lítà kan tàbí lítà kan àbọ̀ dà sínú ẹran itan láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan kàn sílẹ̀. Aláìsàn yóò máa funfun, ara rẹ̀ yóò tutù, yóò sì dákẹ́. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, ìdá 80 nínú 100 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ìbọn fọ́ eegun itan wọn ni wọ́n sọ pé ó ń kú ní ọdún 1916. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí de ẹsẹ̀ wọn mọ́ irin gígùn tí Hugh Owen Thomas ti ṣe sílẹ̀, kí a tó gbé wọn kúrò lójú ogun, àwọn tí ń kú kò ju nǹkan bí ìdá 16 lọ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Dídè tí a de ẹsẹ̀ kí ó má baà mì ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń to eegun ní ìbílẹ̀ ti wọlé. Kò yẹ kí a bú wọn lápapọ̀. Eegun apá tí ó ṣẹ́ láìyẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, tí awọ kò sì ya, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tò ó tí ó sì san. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi igi àti okùn di ẹsẹ̀ tí ó ń wú lọ́wọ́, tí wọ́n sì dì í le, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà lọ sí ọmọ ìka. Ẹsẹ̀ yóò tutù, yóò dúdú, yóò kú; gígé ni yóò sì kù. Àwọn oníṣègùn eegun ní Nàìjíríà ti kọ̀wé lórí irú èyí ní ìgbà púpọ̀, ó sì dunni jù nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọdé tí eegun rẹ̀ ì bá san láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì, tí ó ti wà láti ọdún 1945, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì, kò jìnnà púpọ̀ sí Alímọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba sì wà ní Ìgàndò pẹ̀lú. Owó àti ìbẹ̀rù gígé ẹsẹ̀ ni ó ń lé ènìyàn kúrò níbẹ̀, ìbẹ̀rù yìí sì ni ó ń mú kí wọ́n pẹ́ títí gígé fi ń di dandan.

Láàárín ojú títì àti ilé ìwòsàn, ọwọ́ àwọn tí ó wà nítòsí ni ẹ̀mí wà. Ọkàn rere ni wọ́n fi ń sáré wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ènìyàn kò dára. Ẹnì kan a di ọwọ́ mú, ẹlòmíràn a di ẹsẹ̀ mú, wọn a ká aláìsàn bí ẹní, wọn a sì tì í sínú kẹ̀kẹ́. Bí eegun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn bá ti ṣẹ́, okùn ọ̀pá ẹ̀yìn tí kò ì tí ì já lè já nígbà náà, ẹni tí ì bá rìn kò sì ní rìn mọ́. Ènìyàn mẹ́rin ni ó yẹ kí ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan nínú wọn di orí mú kí ó má yí, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà ní ìlà kan bí igi ìrólé, kí a sì tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí ilẹ̀kùn tí a yọ. Bí iná kò bá ń jó ọkọ̀, tí kò sì sí ewu mìíràn, kí a fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà títí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi dé ni ó dára jù. 112 tàbí 767 ni a ń pè ní Èkó, 122 sì ni ti FRSC. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú jáde, aṣọ mímọ́ ni kí a fi tẹ̀ ẹ́ gidigidi láìgbé ọwọ́ kúrò. Kí a má da epo tàbí iyẹ̀pẹ̀ sí i. Omi tí a ń fi tipátipá rọ sí ẹnu ẹni tí ó dákú kò dára rárá, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń lọ. Ẹni tí ń ké rara sì kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé. Ẹni tí ó ń ké ń mí. Ẹni tí ó dákẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ni kí a yára lọ wò.

Àwọn mìíràn a máa bẹ̀rù pé ilé ìwòsàn yóò ní kí àwọn lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní ọdún 2014 ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀: oníṣègùn tàbí ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀ nítorí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san owó ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí kí ó gba méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n bá sì gbé aláìsàn dé, kí ẹni tí ó gbé e wá má ṣe jù ú sílẹ̀ kí ó sáré lọ, nítorí pé ó ní ohun tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kò ní. Òun ni ó rí i bí ó ti ṣẹlẹ̀. Kí ó sọ bóyá aláìsàn ń rìn ni tàbí ó ń gun ọ̀kadà. Bóyá iwájú ọkọ̀ ni ó jókòó sí tàbí ẹ̀yìn. Apá ibi tí ọkọ̀ ti gbá a. Bóyá ọkọ̀ sọ ọ́ jìnnà. Bóyá ó dákú kí ó tó jí. Bí dókítà bá gbọ́ pé iwájú dáńfó ni ọkùnrin náà jókòó sí, àti pé orúnkún rẹ̀ gbá pátákó, ìbàdí ni yóò kọ́kọ́ lọ wò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ni ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ tọ́ka sí.